Wajawaja Etí Ìborùn

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí inú ṣe ń bí Àǹtí Wajawaja, ẹ sọ fún un pé ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Yóò yọ abẹ́rẹ́ tó fi há ètè, yóò wò yín láti òkè délẹ̀, yóò sì bi yín léèrè bóyá ọ̀ṣọ́ ni eyín tó wà lẹ́nu yín náà. Oníbàárà tí kò mọ̀ ọ́n á rẹ́rìn-ín, á rò pé àwàdà ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á tètè gba ẹrù rẹ̀, á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Wajawaja ni òwú tí a so ní ìdì ìdì, tó ń fì ní ìsàlẹ̀ ìborùn, ní etí aṣọ tábìlì, àti ní ẹsẹ̀ kọ́tìnnì àwọn tó rí jájẹ. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kì í pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá dé ilé iṣẹ́, wọ́n á ní ìborùn ni àwọn ń fẹ́, ṣùgbọ́n kó má ní "èyí tó máa ń jò lábẹ́ ẹ̀ yẹn", wọ́n á sì máa mi ìka wọn nínú afẹ́fẹ́ láti fi júwe rẹ̀. Àǹtí Wajawaja á wo ìka náà títí yóò fi dúró. "Ìka yín ni kí n gé kúrò, àbí kí ni?" Báyìí ló ṣe máa ń bi wọ́n.

Yàrá gígùn kan ni ilé iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn àwọn tó ń ṣe bàtà ló wà, débi pé òórùn gúlúù àti ariwo òòlù ló ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀. Àwọn òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tábìlì ìlọṣọ wà ní ìkángun, àga Àǹtí Wajawaja sì wà lẹ́bàá fèrèsé, nítorí ẹni tó ń so òwú sẹ́dà nílò ìmọ́lẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ẹsẹ̀ àga náà kan ti kúrú, àkísà ni wọ́n ká sábẹ́ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé obìnrin yìí àti àga rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kọ́ ilé lé wọn lórí.

Ọ̀gá Àgbà, bàbá tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, ló kọ́ ọ níṣẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin. Ọ̀gá Àgbà kì í kọ́ ọwọ́ èèyàn láìkọ́ etí rẹ̀. Bó ti ń fi hàn án bí a ṣe ń lọ́ òwú láàrin àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ìtàn ọ̀rọ̀ náà fún un.

Ó ní láyé àtijọ́, tí ahunṣọ bá gé aṣọ kúrò lórí òfì, àwọn òwú tó dúró lóòró a máa ṣẹ́kù ní ìpẹ̀kun aṣọ, láìsí ohun kan tó dè wọ́n. Bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn òwú tó gba ìbú kọjá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, aṣọ á sì máa tú lọ títí yóò fi di òkìtì òwú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àwọn òwú ìpẹ̀kun náà jọ ní ìdì ìdì, tí wọ́n ń lọ́ wọn, tí wọ́n sì ń ta wọ́n ní kókó. Ohun tí wọ́n ń pè ní wajawaja nìyẹn. Kì í ṣe nítorí ẹwà. Kí aṣọ má baà tú ni. Nígbà tó yá ni ojú àwọn èèyàn wá rí i pé ó ń fì tí ẹni tó bora bá ń rìn, wọ́n ní ó dára. Àwọn olówó ní kí tiwọn gùn sí i, torí òwú tí a kò hun, òfò ni, ẹni tó bá ní ló lè fi òwú ṣòfò. Àwọn tí kò ní náà kò fẹ́ kẹ́yìn. Wọ́n lọ ń ra wajawaja tí wọ́n ṣe lọ́tọ̀, wọ́n ń rán an mọ́ ohunkóhun tó bá ti létí: agbòòrùn, tìmùtìmù, àga, ẹ̀wù àwọn onífèrè.

"Àtìgbà náà ni wọ́n ti rò pé nǹkan tí a ń lẹ̀ mọ́ aṣọ ni," Ọ̀gá Àgbà á wí, á sì tu fọ́nrán òwú tó lẹ̀ mọ́ ọn létè dànù. "Wọ́n lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ń já a kúrò nígbà tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n tiwa níbí kì í ṣe lílẹ̀. Ara aṣọ ni. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o gbọ́? Ara aṣọ ni."

Ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bí Ọ̀gá Àgbà ti rò lọ, nítorí kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú sórí ìkúnlẹ̀, tó fi ọmọbìnrin jòjòló kan sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ojú títì ni ilé rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú tówẹ́ẹ̀lì, ó sunkún díẹ̀, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ náà rù débi pé Tínrín ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lórí títí tó fi sanra.

Inú apẹ̀rẹ̀ àjákù òwú, lábẹ́ tábìlì Àǹtí Wajawaja, ni Tínrín ti dàgbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ aṣọ nígbà náà, ẹni tí gbogbo ènìyàn wá ń pè ní Bàbá Alọṣọ lónìí, ló máa ń fi áyọ́ọ̀nù yá aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ náà gbẹ. Kì í ṣe ọmọ nìkan ló ń wò lábẹ́ tábìlì yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀. Ó fẹ́ fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ nílùú mìíràn, ó sì ní kí Àǹtí Wajawaja jẹ́ káwọn jọ lọ gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya, kí wọ́n gbé ọmọ náà dání. Inú obìnrin náà dùn títí dé eegun. Ó lọ sọ fún àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ fajú ro. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa lọ ilé ọkọ yín o, mi ò dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi ò ní í pe ọkùnrin míì ní bàbá."

Ta ló máa gbà á, tó bá fi í sílẹ̀? Akẹ́rù? Àǹtí Wajawaja jókòó ti ọmọ. Alọṣọ dúró dè é díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sú u, ó fẹ́ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì lọ ìlú kankan mọ́. Ìkángun yàrá kan náà ló wà láti ọjọ́ náà, tó ń lọ aṣọ, tó kọ ẹ̀yìn sí i, títí ìyàwó rẹ̀ fi bímọ tán, títí ìyàwó náà fi ṣaláìsí. Àárín wọn kò bàjẹ́. Ó kàn jẹ́ pé tí ọ̀kan bá ń sọ̀rọ̀, èkejì á máa wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tó korò ju ìyẹn lọ. Nígbà tí Tínrín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ìyá ló ń pè é. Ta ni ì bá tún pè bẹ́ẹ̀? Àbúrò rẹ̀ dé láti ìrìn àjò, ó gbọ́ ọ, omi lé ròrò sí i lójú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó máa pè yín bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ti kú. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó máa pè yín ní Ìyá, ẹ ti bá a gbàgbé ìyá ẹ̀ nìyẹn. Kó máa pè yín ní Àǹtí." Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kò ṣeé jà níyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Tínrín na ọwọ́ sókè tó ní "Ìyá, gbé mi," obìnrin náà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọmọ náà tún un wí, kò dá a lóhùn. Ó wí i títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Kí lo máa ń pè mí?" Ọmọ náà kò mọ̀. "Àǹtí. Sọ ọ́. Àǹtí." Ìgbà tó sọ ọ́ ló tó gbé e. Báyìí ló ṣe kọ́ ọ, ọjọ́ lẹ́yìn ọjọ́, títí ẹnu ọmọ náà fi yí.

Ìgbà tí Tínrín ti wà ní ilé ìwé, tó ti mọ irun ara rẹ̀ yà, ni àbúrò rẹ̀ fẹ́ ìyàwó tuntun. Obìnrin náà ní ìwà. Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó fìyà jẹ ọmọ náà lọ́jọ́ kan rí. Àbúrò yìí kan náà, ẹni tó ní ìyá ọmọ òun ti kú, ló gbé ọmọ síwájú ìyàwó tuntun, tó ní, "Mọ́mì rẹ nìyí. Mọ́mì ni kó o máa pè wọ́n." Ọmọ náà sì pè é. Àǹtí Wajawaja wà níbẹ̀, ó gbé àwo oúnjẹ dání. Ó fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó tu itọ́ funfun jáde. Ó ní kí wọ́n wá jẹun kó tó tutù.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó gbé ọkàn lé. Nígbà tí Tínrín wà ní kékeré, tó ń fi àjákù òwú ṣeré lábẹ́ tábìlì, obìnrin kan wá gba ìborùn ìyàwó tí ọmọ rẹ̀ máa lò. Obìnrin náà fi dánra wò, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀, ó ń sunkún ayọ̀. Tínrín yọjú, ó ní kí ló ń ṣe wọ́n. Àǹtí Wajawaja ní ìyá ìyàwó ni, òun ló máa da ìborùn náà bo ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní, "Tí tèmi bá tó, ẹ̀yin lẹ máa dà á bò mí." Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ọmọ náà padà sídìí eré rẹ̀, ó gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò sí iyàn nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni Àǹtí Wajawaja fi ń jí, tó fi ń sùn. Ó gbà pé wọ́n lè máa pe òun ní Àǹtí títí ọjọ́ yẹn. Tí ọjọ́ yẹn bá dé, tí òun bá da ìborùn bo ọmọ náà níwájú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tí yóò tún béèrè ìyá rẹ̀.

Ìgbà tí Tínrín kọ́kọ́ mẹ́nu ba ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni Àǹtí Wajawaja ti bẹ̀rẹ̀ ìborùn náà. Òun fúnra rẹ̀ ló hun ún lórí òfì àtijọ́ Ọ̀gá Àgbà, ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn yòókù bá ti ṣíwọ́. Sẹ́dà funfun ni, ó hun ún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, òwú rẹ̀ kò fún mọ́ra, kó lè rọ̀ sára ọmọ náà bí èémí. Aṣọ tí a bá hun báyẹn, wajawaja rẹ̀ nìkan ló dì í mú. Ìyẹn ló pẹ́ jù nínú iṣẹ́ náà. Ó so ó ní kókó lórí kókó títí tó fi dà bí àwọ̀n, ó gùn dé orúnkún, kò sì sí kókó kan tó tóbi ju èkejì lọ. Bàbá Alọṣọ ló bá a lọ̀ ọ́ nígbà tó parí. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró, ó wò ó. "O ò so irú èyí rí," ó wí. Obìnrin náà ní, "Mi ò lọ́mọ tó ń ṣègbéyàwó rí."

Ó fi ìborùn náà ránṣẹ́ sílé àbúrò rẹ̀, níbi tí Tínrín ti ń gbé láti ìgbà tí Mọ́mì ti dé. Kò pẹ́ sígbà náà, nígbà tí ìgbéyàwó ti ń kanlẹ̀kùn, Tínrín wọlé wá sí ilé iṣẹ́, ó gbé e sínú àpò ọ̀rá.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ìyàwó ojú ọ̀nà! Wọlé. Jókòó, jókòó. Ṣé ó gùn tó?"

"Ó gùn tó, Àǹtí. Ó dáa gan-an ni. Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà." Ó fa àga, kò jókòó. "Ó kàn jẹ́ pé..."

"Kí ló kàn jẹ́?"

"Èyí tó ń jò lábẹ́ ẹ̀ yìí. Ẹ má bínú o. Mọ́mì ní ó ń jọ kọ́tìnnì, àwọn ọ̀rẹ́ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ló ń wọ irú ẹ̀. Ẹ kàn bá mi gé e kúrò, kó mọ níwọ̀n. Mo ní kí n má gbé e fún ẹlòmíì, torí iṣẹ́ ọwọ́ yín ni."

Òòlù àwọn tó ń ṣe bàtà ń dún níta. Bàbá Alọṣọ kò gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kúrò lójú kan náà títí èéfín fi rú níbẹ̀, ó sì tètè gbé e.

Àǹtí Wajawaja tẹ́ ìborùn náà sórí tábìlì. Ó fi ọwọ́ ra á. "Ta ló máa dà á bò ọ́?"

"Háà, Mọ́mì ni o. Wọ́n ti sọ fún oníyàwòrán pàápàá." Ojú ọmọ náà kò wọlẹ̀, kò mọ ohun tó ń sọ. "Àyè yín wà níbẹ̀ dáadáa, Àǹtí. Ọwọ́ ẹ̀yìn díẹ̀ ni, níbi tí àwọn ẹbí Dádì máa jókòó sí, ṣùgbọ́n ẹ máa rí gbogbo ẹ̀."

"Ṣó o rántí ohun tó o sọ fún mi lábẹ́ tábìlì yìí?"

Tínrín rẹ́rìn-ín. "Mo sọ̀rọ̀ púpọ̀ lábẹ́ tábìlì yẹn. Kí ni mo sọ?"

"Kò sí nǹkan kan. Na sísọ́ọ̀sì yẹn sí mi."

Ó dùn ún. Kí n má fi bò, ó dùn ún gan-an. Wọ́n lé e kúrò nínú ìyá, ó dákẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ ẹ̀yìn jìn ín, ì bá tún dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé ohun tí ó fi ìyókù ojú rẹ̀ so wá fún un, kí wọ́n ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, àti pé ó ń jọ kọ́tìnnì! Ó ki sísọ́ọ̀sì bọ òkè kókó àkọ́kọ́. Ó gé e láti igun dé igun, wéréwéré, láìdúró. Wajawaja náà ṣubú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ẹnikẹ́ni tó bá gé wajawaja irú aṣọ yìí gbọ́dọ̀ fi máṣíìnì ká a létí kíákíá, kó rán an mọ́lẹ̀ dáadáa. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Máṣíìnì wà níbẹ̀, ìbòrí rẹ̀ kò tilẹ̀ sí lórí rẹ̀. Àǹtí Wajawaja wo máṣíìnì náà. Ó gbé ìborùn náà fún Bàbá Alọṣọ. "Bá ọmọ mi lọ̀ ọ́," ó wí. "Fi sítáàṣì sí i, kó dúró."

Bàbá Alọṣọ fi ìka méjì mú etí aṣọ náà. Ó wo obìnrin náà. "Ṣé a ò ní..."

"Ó ní kí n gé e. Mo ti gé e."

Ó lọ̀ ọ́. Sítáàṣì mú etí rẹ̀ dúró gbọnrangandan, ó dán, ó mọ níwọ̀n gẹ́lẹ́ bí ọmọ náà ti fẹ́. Tínrín kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó gbé e lọ sínú ọkọ̀ níbi tí Mọ́mì ti ń dúró dè é, ìyẹn sì na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé, ó ń kí Àǹtí Wajawaja tọ̀yàyàtọ̀yàyà.

"Ó máa tú," Bàbá Alọṣọ wí, nígbà tí ọkọ̀ náà ti lọ.

"Mo mọ̀."

"Tó bá ti ń rìn, tí sítáàṣì yẹn bá ti já, ó máa tú. Ìwọ lo tọ́ ọmọ yẹn."

"Èmi kọ́ ni ìyá ẹ̀," ó dá a lóhùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wajawaja náà nílẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ fún ẹlòmíràn nìyẹn. Kí ọjọ́ náà tó pé, Àǹtí Wajawaja wéwèé lọ́pọ̀ ìgbà láti lọ gba ìborùn náà padà, kó ní òun gbàgbé nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ó wọ bàtà, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé àbúrò rẹ̀. Ó gbọ́ ẹ̀rín Tínrín nínú ilé, ó gbọ́ tó ń pe "Mọ́mì! Mọ́mì, ẹ wá wò ó!" Ó yí padà.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, ilé iṣẹ́ tì. Àǹtí Wajawaja ṣí i, ó wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀, kò sí òwú lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní lọ jókòó sọ́wọ́ ẹ̀yìn láàrin ẹbí Dádì. Ọ̀sán ti yẹ̀ nígbà tí Bàbá Alọṣọ wọlé pẹ̀lú ẹ̀wù ìjáde rẹ̀. Kò jókòó. Kò sì kọ ẹ̀yìn sí i lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó tú," ó wí.

Obìnrin náà ń wo àkísà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àga rẹ̀.

"Kò tíì rìn dé àárín gbọ̀ngàn tí òwú àkọ́kọ́ fi há mọ́ àga kan. Ó fà á. Bó ti ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló ń tú sẹ́yìn ẹ̀. Àwọn ọmọdé ń lé òwú náà kiri, wọ́n rò pé eré ni. Ẹnì kan ní, 'Ìyàwó ń re ìyẹ́ o!' Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Mọ́mì sáré wá, ó ń ká a pọ̀, ó tún ń tú sí i ni. Nígbà tó yá, ohun tó kù léjìká ọmọ yẹn ò ju àkísà lọ."

"Ó tó," Àǹtí Wajawaja wí.

"Kò tíì tó. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ń ké pé, 'Ẹ bá mi pe màmá mi!' Mọ́mì ní, 'Èmi rèé, ọmọ mi, èmi rèé.' Ó ní, 'Ẹ̀yin kọ́! Màmá mi ni! Màmá mi tó wà nílé iṣẹ́! Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n mú abẹ́rẹ́ wá!' Àbúrò ẹ ń wo ilẹ̀. Wọ́n yíjú sí àga ẹ. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Àǹtí Wajawaja dìde, ó tún jókòó. "Kí ló pè mí?"

"O ti gbọ́."

"Tún un sọ."

"Màmá mi."

Ó sáré jáde láìwé gèlè, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó di ìdì òwú mọ́wọ́. Àwọn tó ń ṣe bàtà dìde wò ó. Kò sáré bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tó dé gbọ̀ngàn náà, wọ́n ti lọ. Obìnrin kan ń gbá ilẹ̀. Òwú sẹ́dà funfun lọ́ mọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀, inú ń bí i, ó ń fà á já, ó ń ṣépè fún aránṣọ tó ṣe irú iṣẹ́ játijàti bẹ́ẹ̀.

Tínrín kò yọjú fún ìgbà díẹ̀. Lójoojúmọ́ ni Àǹtí Wajawaja ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó ti tú wajawaja tó gé náà, ó ti fi òwú rẹ̀ hun etí tuntun díẹ̀díẹ̀, ó ń múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ sílẹ̀. Òun á ní ọjọ́ ogbó ti ń sọ òun dìdàkudà, òun gbàgbé láti ká a létí. Òun á bẹ̀ ẹ́. Ẹni tó pe èèyàn ní màmá lójú agbo, kò sí bí kò ṣe ní gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Tínrín dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí oníbàárà kan, obìnrin onísọ̀rọ̀ púpọ̀, ń gba aṣọ tábìlì rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Alọṣọ. Tínrín kúnlẹ̀ kí wọn. Ó gbé ìyókù ìborùn náà sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Òun fúnra rẹ̀ ti rù díẹ̀.

"Abẹ́ tábìlì yìí ni mo dàgbà sí," ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo ti rántí ohun tí Ọ̀gá Àgbà máa ń sọ. Ara aṣọ ni."

Àǹtí Wajawaja na ọwọ́ sí etí tuntun tó ti ń hun.

"Ẹ mọ̀ pé ó máa tú?"

Ó lè purọ́. Irọ́ náà wà létè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà tẹ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bó ti máa ń wò ó láti inú apẹ̀rẹ̀ òwú, kò sì rí irọ́ pa fún ojú yẹn rí. "Mo mọ̀," ó wí.

Tínrín mi orí. Kò sunkún. Ó fi ọwọ́ tẹ́ àkísà sẹ́dà náà dáadáa, bí ẹni tó ń dá nǹkan padà fún olówó rẹ̀, ó sì yí padà láti máa lọ.

Oníbàárà yẹn ti ń wò ó tẹ́lẹ̀. "Ṣé ìwọ kọ́ ni ìyàwó ọjọ́sí? Mo wà níbẹ̀ o. Àánú ẹ ṣe mí." Ó yíjú sí àga ẹ̀bá fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àbí màmá tó ò ń pè lọ́jọ́ náà nìyí?"

Bàbá Alọṣọ gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró. Àǹtí Wajawaja ti dìde nídìí àga rẹ̀.

Tínrín wò ó. "Rárá, mà," ó wí. "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni."

Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó sì jáde. Àǹtí Wajawaja kò pè é padà. Ó ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe máa pe òun.